Omi Ni Ó Ń Mú Búnsì Sínámónì Rọ̀: Ọ̀rọ̀ Àsọyé fún Àwọn Tó Ń Yan Nǹkan Nílé

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fi yíyan búrẹ́dì àti àkàrà òyìnbó ṣe iṣẹ́ òòjọ́, mo kí yín, ẹ kú ìjókòó. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí n wá sọ lónìí dá lórí búnsì sínámónì. Kì í ṣe búnsì tí a ń dín nínú òróró ni mo ń sọ. Èyí tí a ń fi yíìsì pò ni, tí a ń tẹ́ pẹrẹsẹ, tí a ń fi bọ́tà àti ṣúgà àti sínámónì ra lára, tí a ń ká jọ, tí a ń gé, tí a sì ń yan nínú ààrò.

Ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ jù lọ lẹ́nu àwọn tó ń yan án nílé ni pé, kí ló dé tí ó máa ń rọ̀ nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò, ṣùgbọ́n tí yóò ti le kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́? Ọ̀pọ̀ a máa rò pé yíìsì ni kò tó, wọn a sì fi kún un. Àwọn mìíràn a fi bọ́tà kún un, tàbí kí wọ́n fi ṣúgà kún un. Èrò tèmi, tí n ó sì gbìyànjú láti fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ lónìí, ni pé omi ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà: iye omi tí ìyẹ̀fun pípò náà gbà, bí ó ṣe di omi náà mú, àti bí a kò ṣe jẹ́ kí ó gbẹ dànù nínú ààrò. Bí a bá mú omi, a mú rírọ̀. Bí omi bá sá mọ́ wa lọ́wọ́, kò sí iye bọ́tà tó lè rọ́pò rẹ̀.

Kí a tó wọ ilé ìdáná, ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa ibi tí oúnjẹ yìí ti gbajúmọ̀. Ní orílẹ̀-èdè Sweden, kò sí ilé tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n. Kanelbulle ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, fúláwà, ṣúgà, bọ́tà àti àwọn èròjà atasánsán ṣọ̀wọ́n fún wọn gan-an, nígbà tí ogun parí tí nǹkan wọ̀nyí sì padà sí ọjà ni búnsì náà bẹ̀rẹ̀ sí í hàn ní àwọn ilé ìmukọfí wọn, láàárín ọdún 1920 sí 1930, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọdún 1950 kí ó tó di ohun tí àwọn ìyá ilé ń yan fúnra wọn lọ́pọ̀lọpọ̀. Ní ọdún 1999, obìnrin kan tí ń jẹ́ Kaeth Gardestedt, tó ń bá ìgbìmọ̀ tó ń rí sí yíyan nǹkan nílé ṣiṣẹ́ ní Sweden, yan ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ búnsì sínámónì, wọ́n sì ń ṣe ọjọ́ náà títí di òní.

Àwọn ará Sweden máa ń lọ kádámọ́mù, èròjà atasánsán kan, mọ́ ìyẹ̀fun pípò wọn, wọ́n sì máa ń yan búnsì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ooru lè yí i ká. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní tiwọn máa ń kó gbogbo rẹ̀ jọ sínú páànù kan, kí ẹ̀gbẹ́ wọn lè kan ara wọn bí wọ́n bá ṣe ń wú, wọn a sì da ṣúgà pípò lé e lórí. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà nìkan. Búnsì tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fara kan ti ẹnì kejì rẹ̀ kì í ní èèpo líle ní ẹ̀gbẹ́, omi inú rẹ̀ kì í sì rí ọ̀nà gbà jáde àfi láti òkè. Nítorí náà, ẹni tó bá ń wá búnsì tó rọ̀, kí ó kó wọn sínú páànù kan náà, kí ó má tò wọ́n káàkiri orí àwo ìyan. Àwọn ará Sweden kò ṣe àṣìṣe. Búnsì tiwọn, wọ́n ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú kọfí ní ọjọ́ tí wọ́n bá yan án ni, èèpo díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò sì bí wọn nínú.

Sínámónì fúnra rẹ̀, èèpo igi ni. Wọn a ha èèpo òde kúrò lára ẹ̀ka igi náà, wọn a ṣí èèpo inú, wọn a sì sá a, bí ó bá sì ṣe ń gbẹ ni yóò máa ká ara rẹ̀ jọ. Oríṣi méjì ló yẹ kí a dá mọ̀. Èkíní ni ti erékùṣù Sri Lanka, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Cinnamomum verum: èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó ká léra ní ìpele púpọ̀, ó rọrùn láti fi ọwọ́ rún, òórùn rẹ̀ sì tutù. Nítorí èèpo yìí ni àwọn Pọtogí, tí wọ́n kọ́kọ́ dé erékùṣù náà ní ọdún 1505, fi fìdí kalẹ̀ síbẹ̀, tí àwọn ará Netherlands fi gbà á lọ́wọ́ wọn, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà sì tún fi gbà á ní ọdún 1796. Èkejì ni kásíà, èèpo rẹ̀ nípọn, ó le bí igi, ìtasánsán rẹ̀ sì gbóná lẹ́nu ju ti èkíní lọ. Kásíà ló pọ̀ jù nínú èyí tí wọ́n ń lọ̀ tí wọ́n ń kó sínú agolo kiri ayé.

Kásíà ní èròjà kan nínú tí a ń pè ní coumarin, èyí tí ó lè pa ẹ̀dọ̀ àwọn ènìyàn kan lára bí ó bá pọ̀ jù fún ìgbà pípẹ́; ti Sri Lanka kò ní ju ohun tí kò tó nǹkan lọ. Ìdí nìyẹn tí òfin ilẹ̀ Yúróòpù ti ọdún 2008 fi pààlà sí i: mìlígíráàmù 50 nínú kílò kan fún àkàrà ìbílẹ̀ tàbí ti àsìkò ọdún tí wọ́n dárúkọ sínámónì sí lára, àti 15 fún àwọn àkàrà dídùn yòókù. Ẹni tó ń yan búnsì ní ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan kò ní láti bẹ̀rù kásíà, òórùn rẹ̀ a tilẹ̀ máa hàn dáadáa nínú ṣúgà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni àwọn ọmọ kéékèèké ń jẹ ẹ́ nílé yín, ẹ náwó sí ti Sri Lanka.

Nǹkan kan tún wà tí ó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa sínámónì. Èròjà tó ń fún un ní òórùn dídùn, òun kan náà ló ń dí yíìsì lọ́wọ́ iṣẹ́. Bí ẹ bá po sínámónì púpọ̀ mọ́ ìyẹ̀fun náà fúnra rẹ̀, ẹ ó dúró títí kí ó tó wú, ó sì lè má wú dé ibi tó yẹ. Inú bọ́tà tí a ń ra sí àárín ni ipò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá dé orí fúláwà. Gbogbo wa mọ̀ pé bí a bá bu omi sí fúláwà tí a sì pò ó, ó máa ń fà. Ohun tó ń fà yẹn ni gluten. Jacopo Beccari, ará Ítálì kan tó jẹ́ oníṣègùn àti olùkọ́ ní ìlú Bologna, ló kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1728, wọ́n sì tẹ iṣẹ́ náà jáde ní ọdún 1745. Ohun tó ṣe kò ju kí ó fọ fúláwà pípò nínú omi, títí ohun funfun inú rẹ̀ fi ṣàn lọ, tí ohun tó ń nà tó sì ń lẹ̀ nìkan fi ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́. Mo rọ̀ yín kí ẹ ṣe é nílé. Ẹ bu fúláwà ìkúnwọ́ méjì, ẹ fi omi díẹ̀ pò ó kí ó le, ẹ jẹ́ kí ó sinmi fún ìdajì wákàtí, kí ẹ wá máa fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ nínú abọ́ omi tútù, kí ẹ sì máa pààrọ̀ omi náà. Omi àkọ́kọ́ yóò funfun bí omi ògì. Nígbà tí omi bá fi máa mọ́, ohun tí yóò kù lọ́wọ́ yín yóò máa nà bí rọ́bà. Ẹ má da omi funfun àkọ́kọ́ nù; ẹ gbé e kalẹ̀, ohun tó bá sílẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni sítáàṣì.

Ẹ ti rí i báyìí pé nǹkan méjì ló wà nínú fúláwà, iṣẹ́ wọn kò sì pa pọ̀. Gluten ló ń di afẹ́fẹ́ tí yíìsì ń mú jáde mú, òun ló ń jẹ́ kí búnsì wú. Sítáàṣì ló pọ̀ jù, òun sì ni yóò sọ bóyá búnsì náà yóò rọ̀ ní ọ̀la. Ẹni tó fi yíìsì kún un nítorí pé búnsì rẹ̀ le, ibi wíwú ló ń tún ṣe, nígbà tí ó jẹ́ pé ibi sítáàṣì ni ọ̀rọ̀ wà. Búnsì lè wú rẹpẹtẹ kí ó sì gbẹ fúrúfúrú.

Nípa sítáàṣì yìí, àwọn ìyá wa tó ń sẹ́ ògì ti mọ ohun tí ó yẹ kí a mọ̀. Bí a bá po ògì mọ́ omi tútù tí a gbé e kalẹ̀, ògì yóò sílẹ̀, omi yóò sì léfòó. Ṣùgbọ́n bí a bá ti fi omi híhó ro ó, ó di ẹ̀kọ, kò sì sí ẹni tó tún lè ya omi kúrò lára rẹ̀ nígbà yẹn. Ìdí ni pé àwọn hóró sítáàṣì, tí wọn kì í gbà ju omi díẹ̀ lọ nígbà tí wọ́n bá tutù, máa ń wú nígbà tí ooru bá dé nǹkan bí dígírì Celsius 60 sí 65, wọn a sì fa omi tó pọ̀ ju ìwọ̀n ara wọn lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Ohun tí ògì ń ṣe yìí, fúláwà náà ń ṣe é. Àwọn ará Japan máa ń da omi híhó sórí díẹ̀ nínú fúláwà wọn kí wọ́n tó pò ó, yudane ni wọ́n ń pe ìyẹn. Àwọn ará Ṣáínà máa ń ro tiwọn lórí iná pẹ̀lú omi tàbí mílíìkì, wọ́n sì ń pè é ní tangzhong. Èmi a máa pè é ní ẹ̀kọ fúláwà, nítorí pé ohun tí ó jẹ́ gan-an nìyẹn.

Àǹfààní rẹ̀ ni pé, bí a bá da gbogbo omi tí búnsì rírọ̀ nílò sí fúláwà tútù, yóò lẹ̀ mọ́ ọwọ́ débi pé a kò ní lè ká a. Ṣùgbọ́n bí a bá ti fi díẹ̀ nínú fúláwà náà di omi mú ṣáájú lórí iná, omi náà ti wọlé, kò sì hàn mọ́. Ìyẹ̀fun pípò náà yóò ṣeé tẹ́, yóò ṣeé ká, síbẹ̀ omi rẹ̀ yóò pọ̀ ju bí ọwọ́ ṣe rò lọ.

Ìwọ̀n tí mo ń lò fún búnsì 12 nìyí, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n, kí ẹ má fi ife ṣe é, nítorí pé ife fúláwà tí ẹnì kan kì mọ́lẹ̀ àti èyí tí ẹlòmíràn rọra bù lè fi nǹkan púpọ̀ ju ara wọn lọ. Fúláwà búrẹ́dì gíráàmù 500 ni gbogbo rẹ̀. Ẹ mú gíráàmù 30 nínú rẹ̀, ẹ fi mílíìkì mìlílítà 150 pò ó títí kò fi ní kókó, ẹ gbé e ka iná kékeré, kí ẹ sì máa rò ó láìdúró. Bí ó bá ki tó bẹ́ẹ̀ tí ipa ṣíbí kò tètè pa dé, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Kò yẹ kí ó ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ẹ fi ọ̀rá náílọ́ọ̀nù bo ojú rẹ̀ kí ó má baà gbẹ di èèpo, ẹ sì jẹ́ kí ó tutù. Ẹni tó bá po ẹ̀kọ gbígbóná mọ́ yíìsì yóò pa yíìsì náà, nítorí pé ohun abẹ̀mí ni, bí ooru bá sì ti tó dígírì 60, ó ti kú.

Fúláwà gíráàmù 470 tó kù ni ẹ ó bù sínú abọ́ ńlá, pẹ̀lú ṣúgà gíráàmù 60, yíìsì gíráàmù 5, ẹyin kan, mílíìkì mìlílítà 150 mìíràn, àti ẹ̀kọ fúláwà yín. Mílíìkì ẹlẹ́bú tí a fi omi pò kò ní wàhálà rárá. Ẹ pò wọ́n pọ̀ títí kò fi ní sí fúláwà gbígbẹ mọ́, kí ẹ wá fi í sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú láìfọwọ́ kàn án. Ní ogún ìṣẹ́jú yẹn, fúláwà yóò máa mu omi, gluten yóò sì máa so ara rẹ̀ pọ̀ fúnra rẹ̀, iṣẹ́ tí ì bá bọ́ sí ọwọ́ yín ni. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó fi iyọ̀ gíráàmù 8 sí i, kí ẹ sì máa fi bọ́tà rírọ̀ gíráàmù 75 kún un díẹ̀díẹ̀. Bọ́tà kì í ṣáájú, nítorí pé ọ̀rá a máa bo gluten lára, kì í sì í jẹ́ kí ó tètè so pọ̀.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ba búnsì wọn jẹ́. Ní ìṣẹ́jú mélòó kan àkọ́kọ́, ìyẹ̀fun náà yóò lẹ̀ mọ́ ọwọ́, yóò lẹ̀ mọ́ tábìlì, yóò sì dà bí ẹni pé omi rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ọwọ́ a wá na sí àpò fúláwà, a bu ìkúnwọ́ kan, a tún bu òmíràn, títí ohun tó wà lórí tábìlì yóò fi dán tí kò sì ní lẹ̀ mọ́ nǹkan kan. Ẹni náà yóò rò pé òun ti ṣe dáadáa, bẹ́ẹ̀ rírọ̀ ọ̀la ló ti dà nù níbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, bí ó bá ń lẹ̀, ẹ fi òróró díẹ̀ pa ọwọ́, kí ẹ sì máa pò ó lọ. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti bọ́ sí i tó orí tábìlì tí a ti ń po búrẹ́dì. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, yóò yí padà lábẹ́ ọwọ́ yín: yóò máa dán, yóò máa kúrò lára abọ́, bí ẹ bá sì gé díẹ̀ tí ẹ rọra fi ìka nà án, yóò fẹ́lẹ́ débi pé ẹ ó rí ìmọ́lẹ̀ láti òdì kejì kí ó tó ya.

Àwọn kan máa ń bi mí pé ṣé kò sí oògùn kan tí àwọn onílé-iṣẹ́ búrẹ́dì ń lò tí ó ń mú un wú tí ó sì ń mú un rọ̀. Ó wà nígbà kan, potassium bromate ni, àjọ NAFDAC sì ti fòfin dè é ní Nàìjíríà, nítorí pé ó wà lára ohun tí àjọ àgbáyé tó ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ kà sí ohun tó ṣeé ṣe kó fa àrùn náà fún ènìyàn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé e wọ ilé ìdáná rẹ̀. Láyé ìgbà tí Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà tó wá ṣiṣẹ́ ní rélùwéè, dá iṣẹ́ búrẹ́dì tirẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1921, títí di òní tí gbogbo wa ń jẹ búrẹ́dì Agége, agbára ọwọ́ àti ti ẹ̀rọ ni ó ń ṣe iṣẹ́ tó tóbi jù. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ìyẹ̀fun Agége léraléra ló ń jẹ́ kí inú rẹ̀ kún dẹ́dẹ́ kí ó sì máa fà. Àwa tí a kò ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nílé, ẹ̀kọ fúláwà àti sùúrù ni a ní.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo ìlànà tí wọ́n kọ ní òkè òkun, ẹ ṣọ́ra gidigidi nípa àkókò wíwú. Ẹni tó kọ ọ́ sínú ilé ìdáná tí ooru rẹ̀ kò ju dígírì 21 lọ lè sọ pé kí ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí méjì, kí ẹ sì fi mílíìkì lílọ́wọ́ọ́wọ́ pò ó. Ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó, níbi tí ooru inú ilé ti lè lé ní 30, wákàtí kan ti tó, nígbà mìíràn kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bí ó bá wú kọjá ààlà, gluten yóò rẹ̀, yóò máa rùn bí ọtí, búnsì yóò sì wó palẹ̀ nínú ààrò. Nítorí náà ni mo ṣe dín yíìsì kù sí gíráàmù 5 dípò 7 tí ẹ máa ń rí nínú àwọn ìlànà wọn, nítorí náà náà ni mo ṣe ń lo mílíìkì tó tutù láti inú fíríìjì ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ má wo aago nìkan. Ìgbà tí ó bá ti tó ìlọ́po méjì ni ó ti tó. Ní ìgbà ọyẹ́, ooru yóò dínkù ní òwúrọ̀, wíwú yóò sì falẹ̀, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ gbígbẹ ló léwu jù nígbà náà, ó lè mú kí ojú ìyẹ̀fun náà gbẹ di èèpo láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Aṣọ tútù tí a fún dáadáa tàbí ọ̀rá ni kí ẹ fi bò ó.

Fún inú rẹ̀, ẹ po bọ́tà rírọ̀ gíráàmù 80 mọ́ ṣúgà pupa gíráàmù 120, sínámónì gíráàmù 12, iyọ̀ ìfọwọ́tamọ́ kan, àti fúláwà ṣíbí kan. Fúláwà yẹn ni kò ní jẹ́ kí ṣúgà yọ́ sísàlẹ̀ páànù. Ẹ má yọ́ bọ́tà náà lórí iná, nítorí yóò ṣàn jáde bí ẹ bá ti ń ká a. Ẹ tẹ́ ìyẹ̀fun náà kí gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40, kí ìbú rẹ̀ sì jẹ́ 30, ẹ ra á kárí, ẹ ká a láti ẹ̀gbẹ́ gígùn rẹ̀ láìfún un mọ́ra jù, nítorí èyí tí a bá fún mọ́ra jù, àárín rẹ̀ ni yóò ta sókè nínú ààrò. Òwú ni kí ẹ fi gé e, ẹ ti òwú náà bọ abẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi orí méjèèjì kọjá ara wọn lókè, kí ẹ sì fà á. Ọ̀bẹ a máa tẹ̀ ẹ́ pẹ́lẹ́bẹ́. Páànù tí ìbú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 23, tí gígùn rẹ̀ sì jẹ́ 33, yóò gba méjìlá náà pẹ̀lú àyè díẹ̀ láàárín wọn. Wíwú kejì ni yóò dí àyè yẹn. Bí ẹ bá rọra fi ìka tẹ̀ ẹ́ tí ojú ibẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀ tí kò sì padà tán, ó tó yan.

Nínú ààrò, a tún padà sórí omi. Dígírì 180 ni ooru tó yẹ, ṣùgbọ́n ààrò gáàsì tí ọ̀pọ̀ wa ní kò ní òǹkà tó ṣeé gbára lé, nítorí náà ẹ ra òṣùwọ̀n ooru tí a ń gbé sínú rẹ̀. Kò wọ́n, kò sì sí ohun èlò mìíràn tó ń tún iṣẹ́ ṣe tó o. Láàárín ìṣẹ́jú 22 sí 25, yóò ti jinná. Ẹni tó ní òṣùwọ̀n tí a ń gún sínú oúnjẹ, kí ó gún àárín búnsì tó wà láàárín páànù: bí ó bá kà dígírì 88 sí 90, kí ó gbé e jáde lójú ẹsẹ̀. Gbogbo ìṣẹ́jú tó bá lé sí i, omi ló ń kó lọ. Àwọn tó ń dúró de kí ojú rẹ̀ pọ́n dúdú ló ń yan án gbẹ, bẹ́ẹ̀ ẹyin tí a lù pẹ̀lú mílíìkì díẹ̀, tí a fi pa á lójú kí ó tó wọlé, yóò fún un ní àwọ̀ tó dára ṣáájú kí inú rẹ̀ tó gbẹ. Bí iná ààrò yín bá ń jó láti ìsàlẹ̀ nìkan, ẹ gbé àwo ìyan kejì sábẹ́ páànù náà. Mo ti rí àwọn tó ń yan án nínú ìkòkò ńlá tí a da iyanrìn sí nísàlẹ̀, tí a sì dé pa. Ojú rẹ̀ kì í pọ́n púpọ̀, ṣùgbọ́n nítorí pé oru omi kò ríbi lọ, rírọ̀ rẹ̀ a máa yà mí lẹ́nu.

Bí ẹ bá fẹ́ da ṣúgà lé e lórí, ṣúgà tí a lọ̀ kúnná gíráàmù 100 àti mílíìkì ṣíbí ìjẹun méjì ti tó. Ìgbà tí búnsì bá ti lọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ dà á, kì í ṣe ìgbà tí ó bá ń hó.

Ó wá ku bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù iṣẹ́ tó dára. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé búrẹ́dì tó le, omi ló ti gbẹ kúrò lára rẹ̀. Ní ọdún 1852, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Jean-Baptiste Boussingault, fi hàn pé búrẹ́dì tí a dé pa pátápátá, tí omi kankan kò jáde lára rẹ̀, yóò le síbẹ̀síbẹ̀, àti pé bí a bá tún mú un gbóná, yóò rọ̀ padà. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé sítáàṣì tó ti jinná máa ń to ara rẹ̀ jọ padà díẹ̀díẹ̀, a sì máa tì omi kúrò láàárín ara rẹ̀. Ẹ wo ẹ̀kọ tí a dì sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ẹ ó rí i pé ó ti le sí i, omi díẹ̀ sì ti yọ sí inú ewé. Ohun kan náà ni. Tító jọ yìí a máa yára jù lọ ní ìwọ̀n òtútù inú fíríìjì. Nítorí náà, fíríìjì ni ibi tó burú jù fún búnsì yín. Orí tábìlì, nínú ike tó dé dáadáa, ló dára fún ọjọ́ kan sí méjì. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, nínú ooru tiwa yìí, ó lè bu.

Èyí tí ẹ kò bá ní jẹ láàárín ọjọ́ méjì, ẹ di ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá lọ́jọ́ tí ẹ yan án gan-an, nígbà tí ó bá ti tutù tán, kí ẹ sì kó wọn sínú firísà tó ń mú nǹkan dì gbagidi, nítorí pé nínú dídì gbagidi, sítáàṣì kì í lè to ara rẹ̀ jọ mọ́. Ẹ má da ṣúgà lé èyí tí ẹ fẹ́ tọ́jú. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́, ẹ jẹ́ kí ó yọ́ nínú ọ̀rá rẹ̀, ẹ wọ́n omi ìka kan sí i lórí, ẹ fi bébà fàdákà bò ó, ẹ gbé e sínú ààrò tí ooru rẹ̀ jẹ́ 150 fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ wá da ṣúgà lé e nígbà náà. Kí ẹ sì jẹ ẹ́ nígbà tí ó ṣì gbóná, nítorí pé búnsì tí a mú gbóná padà máa ń yára le ju ti àkọ́kọ́ lọ, iye tí ẹ bá fẹ́ jẹ lẹ́ẹ̀kan ni kí ẹ mú jáde.